Ẹ wo aláìsàn kí ẹ tó ṣírò oògùn: ìtọ́sọ́nà fún nọ́ọ̀sì tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìṣirò oògùn kò le. Ìsọdipúpọ̀ àti pípín tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe náà ni. Síbẹ̀ òun ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì làágùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, òun náà ló sì ń kó àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí tán sí wàhálà lórí wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo rí sí i ni pé à ń sáré fa fóònù yọ láti ṣírò nígbà tí a kò tíì wo ẹni tí oògùn fẹ́ wọ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti wo ọmọ náà, tó ti wọ̀n ọ́n, tó sì ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé "oògùn yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ampúlù" (ìgò kékeré tí oògùn abẹ́rẹ́ ń wà nínú rẹ̀), bí fóònù bá sọ fún un pé ampúlù márùn-ún, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò sì tún un ṣe. Ẹni tí kò wo nǹkan kan yóò lọ wá ampúlù mẹ́rin kún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, orí ibùsùn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí bébà. Àwọn ìwọ̀n tí mo lò nínú àpẹẹrẹ jẹ́ èyí tó wà nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tàbí èyí tí a ń rí lára páálí oògùn. Lórí wọ́ọ̀dù, ìwé tí dókítà kọ àti ìlànà ilé ìwòsàn yín ló ni àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín

Nílẹ̀ wa, orúkọ nìkan kò tó. Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, kò ṣọ̀wọ́n kí Táíwò méjì àti Kẹ́hìndé méjì wà lórí ibùsùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ìyá wọn sì jọ máa jẹ́ Ìyá Ìbejì. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ pariwo pé "Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́", ọmọ ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ni abẹ́rẹ́ yóò bá. Kódà bó jẹ́ ìbejì ìyá kan ṣoṣo ni, Táíwò lè wọn kílò 9 kí Kẹ́hìndé wọn 7.5, oògùn wọn kò sì ní jọra. Orúkọ kíkún, nọ́ńbà fáìlì, àti okùn ọwọ́ tí ilé ìwòsàn bá ń lò ó: ẹ wo méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kéré tán, nígbà gbogbo.

Ti àgbàlagbà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má bi bàbá tí etí rẹ̀ ti wúwo pé "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Àjàyí?" Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣáà dáhùn, yálà ó gbọ́ yín tàbí kò gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ orúkọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti bàbá yín lọ, ẹ kò lè dúró lé e lórí kí ẹ ní "kí lorúkọ yín?" bíi ti ọlọ́pàá. Ẹ tẹríba díẹ̀, kí ẹ kí i, kí ẹ sì wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú sí mi, òfin wa ni pé kí á gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí á tó fún yín ní oògùn. Orúkọ wo ni wọ́n kọ sínú káàdì yín?" N kò tíì rí àgbà tó bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ má gbára lé jù. Àgbàlagbà tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nílé, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni akọ̀wé sábà máa ń fún un, ẹ sì lè bá mẹ́ta irú wọn nínú wọ́ọ̀dù kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọ̀n ọ́n

Ìwọ̀n ọmọ ni ìpìlẹ̀ oògùn ọmọ. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ìyá, ẹ má sì da ti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kọ. Ẹ rí i pé ọwọ́ òṣùwọ̀n wà lórí òdo kí ẹ tó gbé ọmọ lé e, kí ẹ sì bọ́ aṣọ òtútù tó nípọn kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ọmọdé, tí ọmọ kò sì gbà láti dúró, ẹ wọn ìyá pẹ̀lú ọmọ lápá, lẹ́yìn náà ẹ wọn ìyá nìkan. Bí méjèèjì bá jẹ́ kílò 68.5, tí ìyá nìkan sì jẹ́ 57, ọmọ jẹ́ 11.5.

Nígbà pàjáwìrì tí kò sí àyè láti wọn ọmọ, bíi ti ọmọ tí wọ́n sáré gbé wá láti Ìkòyí-Ilé tí gìrì ń mú, a lè fi ọjọ́ orí díwọ̀n rẹ̀. Fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ẹ fi 4 kún ọjọ́ orí, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò fún yín ní kílò 14. Ṣùgbọ́n ojú yín ni kí ó jẹ́ adájọ́. Bí egungun ìhà ọmọ bá ń hàn síta nítorí àìjẹunre, irọ́ ni ìṣirò yẹn ń pa. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé àfojúdá ni, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà rò pé orí òṣùwọ̀n ni ẹ ti rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ara rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá lára ọmọdé, nítorí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ kò lè ka èémí rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹ gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì ka ìgbà tí ikùn rẹ̀ ń gbéra fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bí ó bá mí tó ìgbà 60, èémí rẹ̀ ti yá jù. Láti oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni ààlà. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40 ni. Ẹ má ka ìṣẹ́jú ààyá 15 kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Èémí ọmọdé kì í lọ déédéé, àṣìṣe kékeré yóò sì di ńlá.

Ti àgbàlagbà, ẹ mọ̀ ọ́n lórí: èémí 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, lílù ọkàn 60 sí 100, ìgbóná ara ní nǹkan bí 36.5 sí 37.5. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó bá ń wà ní 140 lókè 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a tún un wọ̀n ti ga jù. Ẹ fún aláìsàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti jókòó kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìyá tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Tákíè nínú oòrùn ọ̀sán kò lè ní ìfúnpá tòótọ́ ní kété tó wọlé.

Bí ara aláìsàn bá balẹ̀ tàbí kò balẹ̀, orí pípé ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Ìpele mẹ́rin ló wà: ó la ojú fúnra rẹ̀, ó dáhùn nígbà tí a pè é, ó fèsì kìkì nígbà tí a ṣe é ní ìrora, kò fèsì rárá. Fún ìpele kejì, ẹ má fi orúkọ inú fáìlì nìkan pe ọmọ. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ fi oríkì pè é. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Àjọkẹ́ nílé lè má mọ̀ pé òun ni "Deborah" tí ẹ ń pariwo.

Ìrora pẹ̀lú. Ìwé ní kí á bi aláìsàn pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti Ajáàwà, yóò ní "ọmọ mi, Ọlọ́run ń bẹ". Ẹ bi í dípò rẹ̀ pé kí ni ìrora náà kò jẹ́ kó ṣe: ṣé ó sùn lánàá, ṣé ó lè yí ẹ̀gbẹ́ padà, ṣé ó lè jókòó jẹun? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn oògùn, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ tún padà bi í.

Àwọn oògùn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fún aláìsàn láìkọ́kọ́ wo ohun kan pàtó. Digoxin, oògùn ọkàn: ẹ fi ẹ̀rọ àfigbọ́-àyà tẹ́tí sí ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bó bá jẹ́ àgbàlagbà, tí lílù ọkàn rẹ̀ kò sì tó 60, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: ìfúnpá àárọ̀ yìí, kì í ṣe ti àná. Morphine àti àwọn ará ilé rẹ̀, oògùn ìrora líle: ẹ ka èémí. Insulin àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà: ẹ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá oúnjẹ ti wọ ẹnu rẹ̀. Lásìkò Ramadan, tàbí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kéde ààwẹ̀, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan á gba insulin àárọ̀ láìsọ fún yín pé ó di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tó fẹnu kan nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bi í ní ohun tó ti lò

Ìlú tí George Green, dókítà òyìnbó tí ìjọ Bàtíìsì rán wá, ti dé láti 1907 ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ìlú yìí, ọsibítù Bàtíìsì ni wọ́n ti bí gbogbo ọmọ wọn. Wọ́n mọ káàdì, wọ́n mọ ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wàhálà sì wà: ẹlòmíràn ní káàdì ní ọsibítù Bowen, ó ní òmíràn ní ọsibítù LAUTECH, ó tún ní kẹ́místì tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Jagun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lè ti wọ inú àpò rẹ̀ lábẹ́ orúkọ méjì, torí pé ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe é, kí ó sì máa lo méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí tábìlì. Ẹ má ka orúkọ ńlá tó wà níwájú páálí, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí "amlodipine" lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti rí ohun tó ń fa òòyì Ìyá.

Ti àgbo, bí ẹ ṣe béèrè ló ṣe kókó. Bí ẹ bá ní "ṣé ẹ mu àgbo?", wọ́n á ní àwọn kò mu ún, nítorí ojú yín ti sọ ìdáhùn tí ẹ fẹ́. Ẹ bi wọ́n pé "àgbo wo lẹ ti lò sí i?" bí ẹni pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lè mú kí èèyàn yàgbẹ́ títí omi ara á fi gbẹ. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò yẹ kó bá oògùn oorun pàdé nínú ara. Ti kẹ́místì náà ní ewu. Àdàlù oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lè ní diclofenac àti prednisolone nínú. Ìyẹn lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì lè dá egbò sínú ikùn. Oògùn ọ̀fìnkìn náà sábà máa ń ní paracetamol nínú. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yìí: "Oògùn wo ló ti bá ara yín jà rí, kí ló sì ṣe fún yín?" Èébì lẹ́yìn oògùn kì í sábà jẹ́ èèwọ̀ ara. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wú, bí ara bá lé, tàbí bí èémí bá há, ẹ fi báírò pupa kọ ọ́ síwájú fáìlì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwọ̀n àti bí a ṣe ń kọ ọ́

Èyí kò gba àkókò. Gíráàmù 1 jẹ́ mílígíráàmù (mg) 1000. Mílígíráàmù 1 jẹ́ máíkírógíráàmù 1000. Lítà 1 jẹ́ mílílítà (ml) 1000. Bí wọ́n bá kọ ìdá lórí ọgọ́rùn-ún sára ìgò, iye gíráàmù inú mílílítà 100 ló ń sọ: dextrose 5% ní gíráàmù 5 nínú mílílítà 100. Adrenaline 1:1000 jẹ́ mg 1 nínú ml 1. 1:10,000 fi ìlọ́po mẹ́wàá fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ kọ 0.5, ẹ má kọ .5, nítorí àmì kékeré yẹn lè pòórá kó di 5. Ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0, kó má baà di 50. Fún insulin, ẹ kọ "units" ní kíkún. Lẹ́tà U tí ẹ fi ìkánjú kọ lẹ́yìn 4 ti di 40 lójú ẹlòmíràn. Síríńjì insulin nìkan ni kí ẹ fi fà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fojú bù ú, kí ẹ tó ṣírò

Òfin rẹ̀ rọrùn: ohun tí dókítà ní kí ẹ fún un, pín in pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú omi tó gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu pé: ṣé ó yẹ kó ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ, àbí kó dín?

Ọmọ kílò 12 ní ibà, dókítà kọ paracetamol, mg 15 fún kílò kan. 15 lọ́nà 12 jẹ́ mg 180. Síróòpù tó wà lọ́wọ́ ní mg 120 nínú ml 5. Ẹ fojú bù ú: ml 5 jẹ́ 120, ml 10 á jẹ́ 240, 180 sì wà láàárín wọn gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ ti mọ̀ pé ml 7.5 ni. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 180 pín sí 120 jẹ́ 1.5, lọ́nà 5, ml 7.5. Ó bá ara mu.

Bí ẹlòmíràn bá wá fi paracetamol oní-kíkán tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Mg 100 wà nínú ml 1 tirẹ̀. Ata ṣíbí kan nínú ife omi kan kò lè ta bí ata ṣíbí kan náà nínú garawa. Ọmọ yẹn nílò ml 1.8 péré. Bí ẹ bá fún un ní ml 7.5 nítorí pé "ml 7.5 la fún un láàárọ̀", mg 750 ni ó gbé mì lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìgbà mẹ́rin tó yẹ kó lò lójúmọ́ kan kò ju mg 720 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ "ml" nìkan sínú ìwé. Mílígíráàmù ni kí wọ́n kọ. Ẹni tó kọ "ampúlù kan" náà, ẹ dá ìwé padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni mg rẹ̀?"

Òmíràn tó kúrú: gentamicin mg 60, ampúlù tó wà lọ́wọ́ jẹ́ mg 80 nínú ml 2. 60 kò tó 80, nítorí náà kò gbọdọ̀ tó ml 2. 60 pín sí 80, lọ́nà 2: ml 1.5.

Artesunate, abẹ́rẹ́ ibà líle (malaria), ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ rú, torí pé ìgò kan náà ní ìṣirò méjì. Ìgò mg 60: ẹ ó kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú ml 1 sodium bicarbonate tó wà nínú páálí, ẹ gbọ̀n ọ́n títí yóò fi mọ́ gaara. Bí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbà, ẹ fi omi iyọ̀ ml 5 kún un. Gbogbo rẹ̀ di ml 6, mg 10 ló wà nínú ml kan. Bí inú ẹran itan ni, ml 2 ni ẹ ó fi kún un. Ó di ml 3, mg 20 ló wà nínú ml kan. Ọmọ tí kò tó kílò 20 ń gba mg 3 fún kílò kan, ẹni tó pé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba 2.4. Nítorí náà, ọmọ kílò 10 ń gba mg 30: ml 3 sínú iṣan, tàbí ml 1.5 sínú itan. Ọmọ kan náà, ìgò kan náà, ìwọ̀n kan náà, omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹni tó po ó kọ ọ̀nà tí yóò gbà wọlé sára síríńjì. Ẹ má fi omi abẹ́rẹ́ lásán pò ó, ẹ sì lò ó kí wákàtí kan tó kọjá.

Magnesium sulphate fún gìrì aboyún ni èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo yín lè ṣe lójú oorun, nítorí ó lè dé lóru. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 50%. Ìyẹn ni gíráàmù 50 nínú ml 100, tàbí ìdajì gíráàmù nínú ml kan. Ẹ há ìdajì yẹn sórí, ìyókù á tẹ̀lé e. Gíráàmù 4 àkọ́kọ́ tó ń gba inú iṣan jẹ́ ml 8. Ẹ fi omi abẹ́rẹ́ ml 12 kún un kó di ml 20, ẹ sì fún un díẹ̀díẹ̀, kó má yá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ti òsì, ìyẹn ml 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ml 1 lignocaine 2% kí ìrora rẹ̀ lè dín kù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, gíráàmù 5 sí ìdí kan, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún un ní èyí tó kàn, ẹ padà sórí ibùsùn. Èémí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi òòlù kékeré lu abẹ́ orúnkún rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ta. Ìtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ml 30 ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́rin tó kọjá, ìyẹn ml 120. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ẹ má fún un, ẹ pe dókítà. Calcium gluconate ml 10 ti 10%, tó jẹ́ gíráàmù 1, gbọ́dọ̀ wà lórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Bí èémí bá ń lọ sílẹ̀, òun ni ẹ ó rọra fún un sínú iṣan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ èémí.

Ìgbésẹ̀ keje: Dírìpù

Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó ń ka dírìpù kò ṣeé fọkàn tán pátápátá. Ẹ mọ̀ ọ́n kà. Iye ml lọ́nà iye ẹ̀kán inú ml kan, pín sí iye ìṣẹ́jú. Ml 500 láàárín wákàtí mẹ́rin, pẹ̀lú okùn tó ń kán 20 nínú ml kan: 500 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000, wákàtí mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 240, ìdáhùn jẹ́ nǹkan bí 42 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo iye ẹ̀kán lára páálí okùn, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ 20. Ti ọmọdé tó ń kán 60 rọrùn jù: iye ml fún wákàtí kan náà ni iye ẹ̀kán fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ìgò, kí ẹ fa ìlà sí i ní ml 125, 250 àti 375, kí ẹ kọ aago tó yẹ kí omi dé ibẹ̀. Ìbátan tó ń tọ́jú aláìsàn náà lè wò ó bá yín, kó sì ké sí yín bí omi bá ṣáájú aago. Bí omi bá ti pẹ́ lẹ́yìn aago, ẹ má ṣí i gbà-à kí ó lè bá a. Ẹ tún un ṣírò láti orí èyí tó kù. Potassium chloride ní tirẹ̀, inú omi dírìpù nìkan ni ó ń gbé. A kì í fi síríńjì gún un sínú iṣan láé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fún un, ẹ kọ ọ́, ẹ kọ́ ìyá

Insulin, magnesium, morphine, potassium àti oògùn ọmọdé èyíkéyìí tó ń gba abẹ́rẹ́: kí ẹlòmíràn ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má sọ ìdáhùn tiyín fún un. Bí ẹ bá ní "ml 1.5 ni, àbí?", yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fún un ní ìwé àti ìgò, kí ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin àbúrò náà, bí iye tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n, ẹ wí pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí ohun tó yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un, kì í ṣe ṣáájú. Bí aláìsàn bá kọ̀, tàbí bó bá bì í padà, ẹ kọ ìyẹn náà, pẹ̀lú aago. Ẹ sì padà wò ó: lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún oògùn ìrora abẹ́rẹ́, wákàtí kan fún èyí tó gba ẹnu.

Àlàyé oògùn tí ìyá ń gbé lọ sílé ni a sábà máa ń fi ìkánjú ṣe, torí ọlọ́kadà ti ń dúró níta. "Ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́" kò tó. Ṣíbí wo? Ṣíbí tíì jẹ́ nǹkan bí ml 5, èyí tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún ìyá ní síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fi pílásítà sàmì sí ml 7.5 bó bá jẹ́ ọmọ kílò 12 ìṣáájú yẹn, kí ẹ sì ní kó fa omi lásán dé ibẹ̀ lójú yín. Bí ó bá fà á ré kọjá, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe títí yóò fi bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a yan aago tó bá ìgbé ayé rẹ̀ mu: mẹ́fà àárọ̀ kó tó lọ sóko tàbí sọ́jà, méjìlá ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, méjìlá òru bí ara ọmọ bá ṣì gbóná. Bí ara rẹ̀ bá ti tutù, kó jẹ́ kó sùn. Ẹ kọ aago náà sára páálí gàdàgbà, kí ẹ sì kọ àmì mẹ́rin tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la sábẹ́ rẹ̀: kò lè mu ọmú tàbí omi, ó ń bì gbogbo nǹkan, gìrì mú un, tàbí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí mọ́.